Bí A Ṣe Ń Kan Tábìlì Iṣẹ́ Igi Tí Kì Í Mì, Pẹ̀lú Irinṣẹ́ Díẹ̀

Tábìlì iṣẹ́ tó bá ń mì, iṣẹ́ ló ń bàjẹ́. Ayùn yóò máa fò kúrò lójú ìlà, ìfági yóò máa ti tábìlì síwájú dípò kó fá igi, ihò tí ẹ fẹ́ kó tọ́ yóò wọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kan tirẹ̀ nílé gbà pé ìṣó àti súkúrù ló ń mú tábìlì dúró gbọn-in. Bó bá ti ń mì, wọ́n á tún kan ìṣó méjì sí i. Agbára tábìlì kò sí níbẹ̀. Kí igi jókòó lórí igi, kí ojú ibi tí igi méjì ti pàdé sì fẹ̀, òun ni agbára. Súkúrù àti bóòtù kàn wà láti dì wọ́n mú ni, a kò gbọ́dọ̀ di ẹrù lé wọn lórí.

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé tábìlì tí a fẹ́ kàn kà. Ẹ kò ní gbẹ́ ihò tí igi míì máa wọ̀ sára ẹsẹ̀, ẹ kò sì nílò ẹ̀rọ ńlá. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ igi méjì tí a lẹ̀ mọ́ra. Igi tó wà níta gùn láti òkè délẹ̀. Èyí tó wà nínú ni a gé sí ègé mẹ́ta, tí a sì fi àlàfo sáàárín wọn kí ìdábùú lè wọ ibẹ̀ jókòó. Ẹni tó bá lè fi ayùn gé igi kó tọ́ lè kan tábìlì yìí.

Gíga àti ìwọ̀n

Gíga ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, torí bó bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ̀yìn yín ni yóò máa jìyà rẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ dúró ṣánṣán, kí apá yín sọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Kí ẹnì kan fi téèpù wọ̀n yín láti ilẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Gíga yẹn dára fún ẹni tó ń to nǹkan pọ̀, tó ń lu ihò, tó ń lo ẹ̀rọ alágbèéká. Bó bá jẹ́ pé ìfági ọwọ́ lẹ ó máa tì jù, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ dé ibi tí oríkèé ìka yín wà nígbà tí ẹ bá di ẹ̀ṣẹ́, kí ìwúwo ara lè ran apá lọ́wọ́. Fún àgbàlagbà púpọ̀, ìwọ̀n yìí máa ń bọ́ sáàárín 80 sí 95 cm. Mo lo 88 cm níbí.

Orí tábìlì gùn ní 160 cm, ó sì fẹ̀ ní 60 cm. Bí tábìlì bá fara ti ògiri, ọwọ́ á dé gbogbo ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fàyà lé iṣẹ́. Mo tún mú ìwọ̀n yìí nítorí pé odindi plywood kan, tí í máa jẹ́ 122 cm ní fífẹ̀ àti 244 cm ní gígùn, tó fún gbogbo ohun pẹlẹbẹ tí a nílò: orí tábìlì alápá méjì àti pẹpẹ ìsàlẹ̀, a ó sì tún rí ìyókù tó wúlò.

Igi tí ẹ ó rà

Pákó 5×10 cm ni gbogbo ara tábìlì náà, èyí tí ọ̀pọ̀ káfíńtà mọ̀ sí 2×4. Ẹ má ṣe gba orúkọ gbọ́, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n. 2×4 tí wọ́n ti fá ní Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, kì í ju 38 mm nínípọn àti 89 mm fífẹ̀ lọ. Àwọn nọ́ńbà tí mo kọ sísàlẹ̀ bá 5×10 gidi mu. Bí tiyín bá kéré sí i, ọ̀nà náà kò yí padà. Ìwọ̀n ègé kéékèèké inú ẹsẹ̀ yóò yí, mo sì máa sọ bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n.

Igi gbígbẹ ni kí ẹ wá. Bí igi bá ń gbẹ, ó máa ń sún kì ní fífẹ̀ àti nínípọn rẹ̀, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìdí nìyí tí tábìlì tí a fi igi tútù kàn fi máa ń le gbọn-in lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí bóòtù rẹ̀ á sì ti dẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀: igi ti tín-ínrín sí i, irin sì wà bó ṣe wà. Ẹ gbé pákó méjì tó dọ́gba lọ́wọ́; èyí tó wúwo ju èkejì lọ gan-an, omi ló wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sójú, kí ẹ wò ó láti ìdí dé orí. Èyí tó tẹ̀ díẹ̀ ṣì lè wúlò fún ègé kúkúrú, ṣùgbọ́n èyí tó bá lọ́, tí igun rẹ̀ kan ń wo òkè tí èkejì ń wo ilẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ ní ìsọ̀. Kókó kéékèèké kò burú. Kókó ńlá tó wà létí igi tàbí tó ń mì nínú ihò rẹ̀, ẹ má fi ṣe ìdábùú gígùn.

Bí ẹ bá gbé igi délé, ẹ tò ó sínú yàrá tí ẹ ó ti ṣiṣẹ́, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ìpele kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì dára. Bó bá tiẹ̀ ń wù yín láti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ní sùúrù.

Àwọn ègé tí ẹ ó gé láti ara 5×10 nìyí:

- Igi ẹsẹ̀ gígùn, 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan 84.4 cm
- Ègé ìdí ẹsẹ̀, 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan 12 cm
- Ègé àárín ẹsẹ̀, 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan 42.4 cm
- Ègé òkè ẹsẹ̀, 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan 10 cm
- Ìdábùú kúkúrú, 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan 56 cm
- Ìdábùú gígùn, 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan 130 cm
- Igi agbede, 3, nǹkan bí 26 cm (ẹ má tíì gé e)

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 14 àti díẹ̀. Bí pákó yín bá gùn ní mítà 3.6, ẹ ra márùn-ún, kí àyè lè wà láti yọ ibi tó ní kókó dànù.

Láti ara plywood onínípọn 18 mm: apá orí tábìlì méjì, 160×60 cm, pẹpẹ kan, 122×36 cm. Ìyókù tó máa ṣẹ́ kù yóò tó 122 cm ní gígùn àti nǹkan bí 47 cm ní fífẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Bí ilé ìtajà bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé plywood, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín gé e níbẹ̀. Ayùn ọwọ́ lè gé e, àmọ́ ó ṣòro kí ìlà tó gùn tó mítà kan àbọ̀ jáde láìwọ́.

Ẹ tún ra bóòtù 16 oníwọ̀n 10 mm, tó gùn ní 160 mm, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì wọn àti wáṣà 32. Súkúrù oníwọ̀n 5 mm: 80 mm fún ara ẹsẹ̀ àti ìdábùú, 100 mm díẹ̀, 70 mm díẹ̀, àti 30 mm tó tó 30 fún orí tábìlì. Gọ́ọ̀mù igi, èyí funfun tàbí ìyeyè tí à ń pè ní PVA.

Irinṣẹ́

Ayùn ọwọ́ tó mú, téèpù, pẹ́ńsù, súkúwéà láti wo bóyá igun tọ́, dírílì pẹ̀lú ẹnu 3 mm, 5 mm àti 10 mm, ẹnu pẹlẹbẹ 25 mm, ìdè súkúrù, sípánà 16 tàbí 17, kíláǹpù (irin tí a fi ń fún igi mọ́ra) mẹ́rin ó kéré tán, òòlù, sáńpépà. Ìfági wúlò, kì í ṣe dandan. Ẹ ra jígí ìbojú, kí ẹ sì bo imú nígbà tí ẹ bá ń gé plywood, torí eruku rẹ̀ ní gọ́ọ̀mù nínú.

Gígé

Àṣìṣe kan wà tó máa ń ba ẹsẹ̀ tábìlì jẹ́ kó tó dé ilẹ̀: kí a fi èkíní wọn èkejì, kí a fi èkejì wọn ẹ̀kẹta, kí a fi ẹ̀kẹta wọn ẹ̀kẹrin. Àṣìṣe díẹ̀díẹ̀ yóò máa gorí ara wọn, ẹ̀kẹrin á sì gùn ju èkíní lọ. Ẹ gé ẹyọ kan kó péye, kí ẹ kọ «ATỌ́NÀ» sí i lára, kí ẹ sì fi òun nìkan wọn gbogbo àwọn yòókù. Bákan náà ni fún ìdábùú.

Ẹ fa ìlà yí igi ká, ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ jẹ́ kí ayùn kọ́kọ́ wọ igun tó jìnnà sí yín, kí ẹ wá máa sọ ọwọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi wọ ìlà tó wà lójú yín, kí ẹ tó tẹ̀ lé ìlà tó ń lọ sísàlẹ̀. Ayùn máa ń jẹ igi bí mìlímítà kan tàbí méjì, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ìlà tó jẹ́ ti ìdànù ni kó gbà, kì í ṣe orí ìlà gan-an. Bí ẹ bá gé igi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ẹ tò wọ́n pọ̀, kí ẹ ti ìdí wọn mọ́ ògiri, kí ẹ sì fi ọwọ́ gba orí wọn kọjá. Ọwọ́ máa ń mọ ìyàtọ̀ tí ojú kò rí.

Férémù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì

Ibí ni tábìlì ti ń di alágbára tàbí aláìlágbára. Ẹ má kánjú.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí bóòtù yóò gbà, kí súkúrù má baà dí i lọ́nà. Ìdábùú gígùn yóò jókòó ní ibi méjì lára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: láti 22 sí 32 cm sókè ilẹ̀, àti ní 10 cm tó gbẹ̀yìn lókè. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, bóòtù kan yóò gba 3 cm sísàlẹ̀ etí òkè ìdábùú, èkejì yóò gba 3 cm sókè etí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù fa àwọn ìlà wọ̀nyí sára igi ẹsẹ̀ báyìí. Súkúrù kankan kò gbọ́dọ̀ bọ́ sórí wọn.

Ẹ tẹ́ igi ẹsẹ̀ méjì sílẹ̀ níbi tó tẹ́jú, ojú wọn tó fẹ̀ wo òkè, kí etí ìta èkíní sí etí ìta èkejì jẹ́ 56 cm. Ẹ fi pákó tó tọ́ gbe ìdí àwọn méjèèjì kí wọ́n lè dọ́gba.

Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn ègé ìdí ẹsẹ̀, 12 cm, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí igi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo etí wọn bára mu, kí ẹ sì fi súkúrù méjì dè é. Gọ́ọ̀mù kò gbọ́dọ̀ pọ̀ débi tí yóò máa ṣàn, kò sì gbọ́dọ̀ kéré débi tí igi yóò máa hàn láàárín rẹ̀. Bí ẹ bá dì í, tí ó yọ kíún kíún létí, ó pé. Súkúrù 5 mm nílò ihò méjì: ihò 5 mm gba igi òkè kọjá pátápátá, ihò 3 mm nínú igi ìsàlẹ̀. Bí ihò òkè bá tín-ínrín jù, eyín súkúrù yóò di igi méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì ní pa dé láé, bó ti wù kí ẹ yí i tó.

Ẹ wá gbé ìdábùú kúkúrú kan lé àwọn igi ẹsẹ̀ méjèèjì, lórí ẹ̀gbẹ́, kí fífẹ̀ 10 cm rẹ̀ jẹ́ ti òkè sísàlẹ̀, kí ó sì fara ti ègé ìdí láìsí àlàfo. Orí rẹ̀ méjèèjì yóò bá etí ìta ẹsẹ̀ mu. Ojú ibi tí ó ti pàdé ẹsẹ̀ jẹ́ 10 cm ní gígùn àti 10 cm ní fífẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ ni kí gọ́ọ̀mù kàn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú súkúwéà kí ẹ tó fi súkúrù mẹ́rin sí orí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má wà lójú ìlà kan náà, torí igi lè là. Ibi fífẹ̀ yìí ni kò ní jẹ́ kí tábìlì máa mì síwá sẹ́yìn. Ẹ kò lè rí irú ìdìmú yìí níbi tí a ti kan orí igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi, torí ojú ibi tí ayùn gé máa ń fa gọ́ọ̀mù mu, súkúrù kì í sì fi bẹ́ẹ̀ rí igi dì mú níbẹ̀.

Ègé àárín, 42.4 cm, ló tẹ̀ lé e. Ó jókòó lórí ìdábùú kúkúrú. Ẹ má fi súkúrù sí 12 cm àkọ́kọ́ láti ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí bóòtù ló ni ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ìdábùú kúkúrú kejì, lẹ́yìn rẹ̀ ègé òkè, 10 cm, pẹ̀lú súkúrù méjì ní àárín gíga rẹ̀ gan-an. Fún ẹni tí igi rẹ̀ kì í ṣe 5×10 gidi, àlàyé tí mo ṣèlérí nìyí: gíga ègé òkè gbọ́dọ̀ bá fífẹ̀ ìdábùú gígùn mu, torí ìdábùú gígùn ni yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ègé àárín sì jẹ́ ohunkóhun tó bá ṣẹ́ kù. Ẹ to gbogbo rẹ̀ sórí igi ẹsẹ̀ láìfi gọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ wo àlàfo tó kù, kí ẹ sì gé ègé àárín bá a mu. Ìyẹn dájú ju ìṣirò lọ.

Kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, ẹ wọn férémù náà láti igun òkè apá òsì dé igun ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún, kí ẹ sì wọn èkejì. Bí méjèèjì bá dọ́gba, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tọ́. Ní ìwọ̀n tí mo lò yìí, ó yẹ kó jẹ́ 101.3 cm. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, ẹ fi kíláǹpù tàbí ọwọ́ tẹ ibi tó gùn títí tí wọ́n á fi dọ́gba. Ẹ kan férémù kejì sórí èkíní gan-an, kí ẹ fi bébà tàbí ọ̀rá sáàárín kí wọ́n má lẹ̀ mọ́ra. Wọn yóò jọra bí ìbejì. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Gọ́ọ̀mù PVA máa ń di igi mú láàárín wákàtí kan, àmọ́ wákàtí 24 ló fi ń gba agbára rẹ̀ tán.

Ìdábùú gígùn àti bóòtù

Ẹ gbé férémù méjèèjì dúró, kí ojú tí ìdábùú kúkúrú wà máa wo ara wọn, kí ìta dé ìta jẹ́ 130 cm. Ẹ gbé ìdábùú gígùn méjì lé orí ìdábùú kúkúrú ìsàlẹ̀, ọ̀kan fara ti ẹsẹ̀ iwájú láti inú, ọ̀kan fara ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn láti inú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú méjì tòkè. Ẹ wò ó: kò tíì sí irin kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ìdábùú ti jókòó síbi tí wọ́n máa wà. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró lórí ẹ̀gbẹ́ ni pé igi 5×10 tó dúró báyẹn le tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tí a tẹ́ pẹlẹbẹ, igi kan náà, ìwúwo kan náà.

Ẹ fi kíláǹpù dì wọ́n, kí ẹ sì tún wọn igun sí igun, láti òkè àti láti iwájú. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù síbí. Bóòtù nìkan ló yẹ ibẹ̀, kí ẹ lè tú tábìlì nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e gba ẹnu ọ̀nà tóóró, kí ẹ sì lè fún un mọ́ra bí igi bá sún kì.

Ní ibi tí ẹ ti fa ìlà bóòtù, ẹ fi ọ̀kan sí igi ẹsẹ̀ ti ìta, 2.5 cm sí etí ìta, ẹ fi èkejì sí igi ti inú, 2.5 cm sí etí inú. Wọn yóò wà ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́ sí ara wọn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bóòtù méjì tó wà lójú ìlà kan náà kò lè dènà kí igi lọ́ bí èyí tó jìnnà síra. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu 25 mm gbẹ́ ihò tó jìn ní 1 cm láti ìta ẹsẹ̀, kí orí bóòtù àti wáṣà lè rì sínú rẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ lu ihò 10 mm, ẹnu ńlá kò ní rí ibi tí yóò fi àárín rẹ̀ lé. Ẹnu 10 mm tó wọ́pọ̀ kì í gùn tó láti gba 14 cm kọjá lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà ẹ lu ẹsẹ̀ já, kí ẹnu dírílì fi àmì sára ìdábùú gígùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ yọ ìdábùú náà, kí ẹ sì lu àmì yẹn já lọ́tọ̀. Kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa wo bóyá dírílì tọ́, torí ẹni tó mú un lọ́wọ́ kì í mọ̀ bó bá ń wọ́.

Wáṣà wà lábẹ́ orí bóòtù, ó sì wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì. Láìsí i, irin yóò máa wọ inú igi, ẹ ó sì rò pé ẹ ń fún un ni. Ẹ fún gbogbo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yípo, kì í ṣe ọ̀kan parí kó tó kan èkejì.

Orí tábìlì

Igi agbede mẹ́ta ló máa di orí tábìlì mú láti ìsàlẹ̀. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ìdábùú gígùn méjèèjì tòkè, kí ẹ gé wọn báyìí. Ẹ tẹ́ wọn pẹlẹbẹ, kí ojú òkè wọn dọ́gba pẹ̀lú ti ìdábùú: ọ̀kan láàárín, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Súkúrù 100 mm méjì gba ara ìdábùú wọ orí wọn. Ibí nìkan ni a ti ń wọ ojú ibi tí ayùn gé, mo sì gbà á torí kò sí ẹrù lórí wọn. Orí tábìlì yóò jókòó lórí ẹsẹ̀ àti ìdábùú.

Ẹ tẹ́ apá plywood kan sílẹ̀, ojú rẹ̀ tó dára jù wo ilẹ̀. Ẹ da gọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ fi ègé páálí tẹ́ ẹ kálẹ̀ kó kan gbogbo ibẹ̀, kí ẹ sì gbé èkejì lé e. Gọ́ọ̀mù máa ń yọ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi súkúrù 30 mm sí àárín, kí ẹ wá máa lọ sí etí. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ṣe máa rí ọ̀nà jáde. Súkúrù 30 mm kò lè yọ lójú kejì plywood tó nípọn ní 36 mm, ẹnu ayùn tàbí ìfági kò sì ní kàn án lọ́jọ́ iwájú. Nítorí ìdí kan náà ni mi ò ṣe gbà kí ẹ fi súkúrù de orí tábìlì láti òkè.

Ẹ yí i dojú kọ òkè, kí ẹ gbé e lé ara ẹsẹ̀. Etí iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ojú ẹsẹ̀ iwájú mu géérégé. Ẹ̀yìn lè yọ síta ní 4 cm, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní 15 cm, kí kíláǹpù lè rí ibi dì mú. Iwájú ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yọ rárá: bí ẹ bá fẹ́ fá etí pákó gígùn, ẹ ó fi kíláǹpù de pákó náà mọ́ etí tábìlì àti mọ́ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní mì. Ọ̀pọ̀ tábìlì tí wọ́n ń tà kò ní àǹfààní yìí. Ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi súkúrù 70 mm gba igi agbede wọ orí tábìlì, mẹ́rin lára igi agbede kọ̀ọ̀kan.

Pẹpẹ ìsàlẹ̀ kàn jókòó lórí ìdábùú gígùn ìsàlẹ̀ ni. Súkúrù mẹ́rin tó.

Ìparí ojú rẹ̀

Ẹ fi sáńpépà 80, lẹ́yìn rẹ̀ 120, fá gbogbo etí tó lè gún ọwọ́. Ẹ má jẹ́ kí ojú rẹ̀ dán bíi ti tábìlì ìjẹun, torí igi yóò máa yọ̀ lórí rẹ̀. Òróró línsíìdì ni mo fẹ́ràn jù fún un. Ẹ fi àkísà tan án fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ dúró fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ nu èyí tí igi kò mu kúrò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ àkísà yẹn. Bí òróró línsíìdì bá ń gbẹ, ó máa ń mú ooru jáde; bí ẹ bá ká àkísà náà pọ̀ tí ẹ jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde, ó sì lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Ẹ tẹ́ ẹ sí ìta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi gan, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Fáìsì, irin ẹlẹ́nu méjì tí a ń dè mọ́ tábìlì láti di igi mú, lè dúró di ìgbà tí ẹ bá rí i rà. Bí ẹ bá ń lo ọwọ́ ọ̀tún, iwájú lápá òsì, nítòsí ẹsẹ̀, ni ibi tó yẹ ẹ. Ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì á fi sí apá ọ̀tún. Ẹnu rẹ̀ ti inú gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú etí tábìlì.

Bó bá ṣì ń mì

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú mímì tó jẹ́. Bí ẹsẹ̀ kan bá ń gbé sókè, ilẹ̀ ni kò tẹ́jú. Ẹ fi èèkàn pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ títí orí tábìlì yóò fi tẹ́jú, kí ẹ gbé pákó kékeré kan sílẹ̀, kí ẹ gbé pẹ́ńsù lé e lórí, kí ẹ sì fi fa ìlà yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Bí ẹ bá gé wọn lójú ìlà yẹn, tábìlì á bá ilẹ̀ náà mu, ṣùgbọ́n níbẹ̀ nìkan. Bí ẹ bá máa ń gbé e kiri, ègé rọ́bà tín-ínrín sàn jù.

Bó bá ń mì láti òsì sí ọ̀tún nígbà tí ẹ bá ń ti ìfági gidigidi, ẹ mú ìyókù plywood 122×47 cm tí ẹ tọ́jú, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù àti súkúrù kàn án mọ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, lókè pẹpẹ. Yóò gun orí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní 6 cm. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ kò tún ní rí irú mímì yẹn mọ́, àmọ́ ẹ fi súkúrù nìkan kàn án bí ẹ bá ṣì fẹ́ máa tú tábìlì.

Bí kò bá mì ṣùgbọ́n tó ń sún, ìwúwo ni kò tó. Bí igi fúyẹ́ bíi páìnì lẹ lò, gbogbo rẹ̀ á wà ní nǹkan bí 60 kg. Ẹ kó àpótí irinṣẹ́, igi tó ṣẹ́ kù àti ohun wíwúwo míì sórí pẹpẹ ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, kí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá yí padà láti òjò sí ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ mú sípánà, kí ẹ fún bóòtù 16 náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yí ju ìdajì ìyípo lọ, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí i, kí ẹ sì padà yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.